Áyọ́ọ̀nù búlúù tó ní táńkì lẹ́yìn: ta ló ṣe é, ṣé ó ṣì ṣeé lò?

Àkànní_Dallas

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ra áyọ́ọ̀nù àtijọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé ìyá àgbà kan tó ti dolóògbé, ní ìlú kékeré kan lápá àríwá Texas níbí. Kò ní wáyà rárá. Tánganran búlúù ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, igi ni ọwọ́ rẹ̀, táńkì róbótó kan tó tó ọsàn sì wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Pọ́ǹpù kékeré kan wà nínú páálí pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n kọ Coleman sí i lára. Ọmọ olóògbé tó ń ta ẹrù náà ní áyọ́ọ̀nù gáàsì ni, pé ìyá òun ló máa ń fi lọ aṣọ nígbà tí òun wà ní kékeré.

Torí màmá mi ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ni mo ṣe rà á. Aṣọ ni wọ́n ń rán. Iná kì í sábà sí, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fẹ́ ju èrè tó wà lórí ìró àti bùbá lọ. Wọ́n ní ínfátà, àmọ́ áyọ́ọ̀nù iná kì í pẹ́ fa bátìrì rẹ̀ gbẹ. Mo wá rò ó pé sílíńdà gáàsì ìdáná wà nílé, kí n sáà so ó mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ nǹkan àtijọ́, ta ló ṣe é? Ó ti pẹ́ tó? Ṣé ó ṣeé so mọ́ sílíńdà? Báwo ni mo sì ṣe lè fi ránṣẹ́ sílé?

Bísí_Woolwich

Ẹ kú ọjà o, bùọ̀dá Àkànní. Mo ti rí irú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àtijọ́ ní London níbí. Ẹnu pàìpù kékeré kan máa ń wà ní ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń ki rọ́bà gáàsì bọ̀, iná á sì máa jó nínú ikùn rẹ̀ bíi ti sítóòfù. Rọ́bà àti ríjìlétọ̀ nìkan ló kù tẹ́ ẹ máa rà. Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò dáadáa.

Kọ́lá_Leeds

Àǹtí Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ra rọ́bà kankan. Èyí tẹ́ ẹ rí ní London àti èyí tó wà lọ́wọ́ Àkànní kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Irú ti London yẹn kì í ní táńkì, torí gáàsì ti wà nínú ògiri ilé. Àkànní, tìrẹ ní táńkì àti pọ́ǹpù, a jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ló ń gbé epo tirẹ̀ sí.

Kódà ti London yẹn gan-an, ẹ ò gbọdọ̀ so ó mọ́ gáàsì òde òní. Gáàsì tí wọ́n ń lò níbí láyé ìgbà yẹn, ara èédú ni wọ́n ti ń fà á jáde. Láti 1812 ni Gas Light and Coke Company ti gba àṣẹ láti máa ta á ní London. Gáàsì tó ní májèlé nínú ni. Tó bá ń jò nínú yàrá tí iná ò sì sí lẹ́nu rẹ̀, ó lè pa èèyàn lójú oorun. Nígbà tí wọ́n wá rí gáàsì lábẹ́ Òkun Àríwá, láti 1967 títí di 1977 ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan jákèjádò orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pààrọ̀ ihò ẹnu iná gbogbo sítóòfù. Ìdí ni pé tí ẹ bá wọn gáàsì tuntun yẹn pẹ̀lú ti èédú lọ́gbọọgba, ooru tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan kékeré bí áyọ́ọ̀nù, ta ló fẹ́ jókòó tì í kó máa pààrọ̀ ihò rẹ̀? Ààtàn ni wọ́n bá lọ. Gáàsì sílíńdà ìdáná sì tún lágbára ju ti abẹ́ òkun lọ. Ẹ so áyọ́ọ̀nù àtijọ́ mọ́ ọn, ẹ ó rí iná pupa tó ga, tó ń rú èéfín dúdú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí Fletcher, Russell lára tiyín, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Warrington, ní Ìlú Ọba níbí, ló ṣe é. Thomas Fletcher tó dá a sílẹ̀, ohun èlò àwọn oníṣègùn eyín àti iná gáàsì fún yàrá ìwádìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ fi lókìkí, kó tó wá di onísítóòfù. Ní 1919 wọ́n da ilé iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ àwọn onísítóòfù mìíràn, wọ́n di Radiation Limited. Àwọn ni wọ́n gbé Regulo jáde ní 1923, ìyẹn ọwọ́ tí èèyàn ń yí lára sítóòfù kí ooru inú ààrò má bàa kọjá ibi téèyàn fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà níbí ṣì ń fi nọ́ńbà gáàsì ka bí ààrò ṣe gbóná tó.

Ẹnjiníà_Tulsa

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ ṣeun. Ti Amẹ́ríkà ló kù, ó sì kàn mí díẹ̀, torí Oklahoma níbí ni Coleman ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí Kansas.

Àkànní, epo olómi ló ń wọ inú táńkì yẹn. Bẹntiróò ni àwọn ará ibí ń pè ní gáàsì, ìwọ náà mọ̀. Tí wọ́n bá fi pọ́ǹpù fún táńkì ní afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á máa ti epo gba inú pàìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọjá lẹ́bàá iná. Ooru á sọ epo di oru kó tó dé ibi tó ti ń jó, iná búlúù á sì máa jó lórí irin ìsàlẹ̀ tó ń kan aṣọ. Ṣáná sí i báyìí, kò pẹ́ tí wàá fi máa lọ aṣọ. Ohun tí wọ́n fi ń pàtẹ ọjà rẹ̀ nìyẹn, torí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo epo nígbà yẹn, àfi kéèyàn kọ́kọ́ fi sípíríìtì yá wọn.

Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ yẹn, William Coffin Coleman, 1870 ni wọ́n bí i. Ó ṣe tíṣà, ó lọ ń kọ́ òfin ní Yunifásítì Kansas, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ń ta taipuráítà kiri. Ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa. Ìlú kékeré kan ní Alabama ló ti rí àtùpà kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi rí ìwé kà lábẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Ó wá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é lọ ní Memphis, ó ní òun fẹ́ máa bá wọn tà á.

Ní 1900 ó gbé àtùpà wọ Kingfisher, Oklahoma. Ẹ gbọ́, méjì péré ló rí tà. Oníṣòwò kan ti wá ṣáájú rẹ̀, ó ti ta irú àtùpà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo onísọ́ọ̀bù, ó gbowó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láìpẹ́, èérí dúdú inú epo dí àwọn àtùpà náà pa, kò sì sí ẹni tó máa tún wọn ṣe. Ta ló fẹ́ tún jẹ irú ìyà yẹn lẹ́ẹ̀kejì? Coleman bá yí ọwọ́ padà. Ó ní kí wọ́n má ra àtùpà mọ́, ìmọ́lẹ̀ ni kí wọ́n máa rà. Òun á gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, òun á máa tọ́jú rẹ̀, dọ́là kan lọ́sẹ̀. Tí kò bá tàn, kò sówó. Ká ní àwọn tó ń ta iná fún wa nílé gba irú àdéhùn yẹn ni, ẹ wo ẹni tí ì bá jẹ gbèsè!

Ní 1902 ó kó lọ sí Wichita. Ní 1905 àwọn àtùpà rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ yí pápá ká tí kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì fi gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin wọn yẹn lálẹ́. Ní 1914 ó ṣe fìtílà tí afẹ́fẹ́ kò lè pa, tí àgbẹ̀ lè gbé lọ síbi màlúù. Sítóòfù àti áyọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e, torí ọgbọ́n inú wọn kan náà ni: táńkì, afẹ́fẹ́, pàìpù tó ń sọ epo di oru. Àwọn ọdún 1930 ni búlúù bíi tìrẹ yìí pọ̀ jù níta.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé nǹkan oníná epo ń tà lásìkò yẹn. Láti 1882 ni Henry Seely ti gba ìwé ẹ̀tọ́ áyọ́ọ̀nù iná mànàmáná ní New York. Ṣùgbọ́n kí ni olóko fẹ́ fi ṣe nígbà tí wáyà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Títí di àárín àwọn ọdún 1930, nínú oko mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọ̀kan péré ló ní iná. Ìgbà tí ìjọba Roosevelt dá àjọ iná ìgbèríko sílẹ̀ ní 1935, tí wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko, ni ọjà áyọ́ọ̀nù bíi tìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ṣèyí_Òṣogbo

Gbogbo ìtàn yìí dùn, àmọ́ ìdáhùn ò le. Wọ́n ṣe é fún bẹntiróò, ẹ da bẹntiróò sí i, ẹ fún un lépo, ẹ fún un látẹ́gùn, ó parí. Bàbá mi lo àtùpà gáàsì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ọdẹ, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwa Yorùbá ti fẹ́ràn ká máa bẹ̀rù ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ṣeré.

Ẹnjiníà_Tulsa

Bùọ̀dá Ṣèyí, kẹrosíìnì ni àtùpà gáàsì bàbá yín ń mu. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bẹntiróò ń di oru fúnra rẹ̀ láìsí iná kankan nítòsí, oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń tọ̀ lọ títí tó fi máa bá iná pàdé. Ẹ sì wo ibi tí táńkì wà: ẹ̀yìn ọwọ́ tí èèyàn dì mú, lórí irin gbígbóná.

Èkejì, bẹntiróò tí ilé iṣẹ́ yẹn ní lọ́kàn, epo mímọ́ tí wọn ò po nǹkan kan mọ́ ni. Wọ́n ṣì ń ta á nínú agolo fún àwọn tó ń lọ pàgọ́ nínú igbó. Ti ilé epo òde òní, ẹ̀rọ ọkọ̀ ni wọ́n po oògùn inú rẹ̀ fún. Kò ní pẹ́ dí pàìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ohun tó lé àwọn ará Kingfisher sá fún àtùpà nìyẹn. Kẹrosíìnì náà kò ṣeé dà sí i, torí ooru ìbẹ̀rẹ̀ kò ní tó láti sọ ọ́ di oru, epo tútù ló máa ya jáde tí iná á sì gbá a mú.

Ṣèyí_Òṣogbo

Mo ti gbọ́. Síbẹ̀ náà, ó ṣì kù sọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Ìyá àgbà ará Texas yẹn ṣáà lò ó dọjọ́ ogbó.

Kọ́lá_Leeds

Ìyá àgbà náà mọ ẹ̀rọ rẹ̀, wáṣà rẹ̀ sì tuntun nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ti kẹrosíìnì gan-an, ilé iṣẹ́ Tilley tó wà ní Hendon, ní London, ṣe áyọ́ọ̀nù náà, àwọn kan náà tó ṣe àtùpà tó gbajúmọ̀ nílé wa. Sípíríìtì ni wọ́n fi ń yá ìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ni òun náà, n ò ní gbé e fún màmá ẹnì kankan.

Alágbàfọ̀_Ìtọ̀kú

Mo kí gbogbo yín láti Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ọmọ mi Àkànní, o ò sọ irú aṣọ tí màmá ń lọ̀. Tó bá jẹ́ àǹkárá àti adìrẹ, áyọ́ọ̀nù eléèédú á ṣe é láìsí wàhálà. Èyí tí mo ń lò, àkùkọ kékeré tí wọ́n fi irin ṣe ló jókòó lórí ìdè ẹnu rẹ̀. Òun ni mo máa ń dì mú ṣí i. Èédú ayín ni kí wọ́n rà. Kì í ta pàrà bíi ti igi rírọ̀, ó sì máa ń pẹ́. Ìta ni kí wọ́n ti dá iná èédú, kó pọ́n, kí èéfín tán lára rẹ̀, kí wọ́n tó fi ẹ̀mú kó ẹyin iná sínú áyọ́ọ̀nù. Kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n jù ú síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Kí wọ́n wá fà á kọjá lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù. Bí ewé bá ń hó ṣàà tí kò dúdú, ooru dáa. Bí ewé bá gbẹ lójú ẹsẹ̀ tó ń rùn, kí wọ́n ní sùúrù, aṣọ ló máa jó tẹ̀ lé e.

Lórí aṣọ funfun, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́rinrin bò ó kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Eérú ni ọ̀tá wa. Ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ láé, ẹ rìn jìnnà síbi tábìlì kí ẹ tó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Iná tó ń jó fòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì oníléèsì, èmi ò ní gbé e. Kí ni mo fẹ́ wí fún oníbàárà?

Bísí_Woolwich

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ eérú yẹn ni màmá wa ò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ eléèédú mọ́. Ẹ̀ta-pàrà kan péré lára gèlè aṣọ òkè, ọ̀rọ̀ ti di ti ìdílé méjì.

Mo sì máa fẹ́ ká rántí pé èédú náà ń tú májèlé sínú yàrá, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ nìkan. Áyọ́ọ̀nù epo náà bẹ́ẹ̀. Fèrèsé ní láti ṣí, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyábọ̀_Houston

Iṣẹ́ ẹrù fífi ránṣẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Bùọ̀dá Àkànní, ẹ má gbé e sínú àpótí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú láìbi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Bíi sítóòfù ìpàgọ́ ni wọ́n máa kà á sí. Tí epo bá ti wọ táńkì rẹ̀ rí, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ kódà kó ti gbẹ, torí òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àfi tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tí kò ku nǹkan kan, tí àwọn náà sì gbà. Ọkọ̀ ojú omi ló dáa jù: ẹ da gbogbo epo rẹ̀ nù, ẹ ṣí ìdérí táńkì sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, ẹ wá kó o sáàárín aṣọ nínú dúrọ́ọ̀mù. Agolo epo ìpàgọ́ kò gbọdọ̀ sí nínú dúrọ́ọ̀mù náà o. Mo ti rí ẹni tó fi pamọ́ sínú ìkòkò.

Àkànní_Dallas

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, àǹkárá ni wọ́n ń lọ̀ jù, pẹ̀lú léèsì ìgbà dé ìgbà. Mo ti yẹ áyọ́ọ̀nù náà wò. 4A ni wọ́n kọ sí i. Wáṣà inú ìdérí táńkì ti le, ó sì ti sán. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí epo le gan-an, n ò fẹ́ fi agbára yí i. Irin ìsàlẹ̀ ṣì ń dán. Tí n kò bá ní fi ránṣẹ́, ṣé mo lè tàn án níbí, kí n sáà rí i pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹnjiníà_Tulsa

O lè ṣe é, àmọ́ má tan nǹkan kan pẹ̀lú wáṣà tó ti sán. Wáṣà tuntun wà fún títà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fìtílà Coleman ṣe. Kọ́kọ́ gbọn táńkì tó gbẹ, kí o gbọ́ bóyá ìpẹtà ń dún nínú rẹ̀. Tó bá ń dún, ibi ìpàtẹ ni ipò rẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Tí kò bá dún, fi òróró díẹ̀ sí ìdí ọwọ́ tó le, jẹ́ kó mu ún, lẹ́yìn náà yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ti gbọ́, fi wáṣà tuntun sí i, fún táńkì ní afẹ́fẹ́ láìfi epo kankan sí i, kí o wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ń jò. Kí ìfófòó má wú níbì kankan kó o tó ronú epo.

Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é, lórí kọnkéré, jìnnà sí ògiri onígi àti ọkọ̀. Ibòmíràn ni kó o ti rọ epo, má rọ ọ́ kún. Jẹ́ kí iyanrìn wà nítòsí, omi kì í pa iná bẹntiróò. Ó lè kọ́kọ́ jó pupa, lẹ́yìn náà kó di búlúù. Tí pupa yẹn ò bá lọ, pa á, jẹ́ kó tutù pátápátá. Má ṣí ìdérí táńkì nígbà tó bá ṣì gbóná, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti fi ara jó.

Kọ́lá_Leeds

Àkànní, ohun tó o ń wá fún màmá wà níta ní tuntun, kò kan ẹ̀rọ àtijọ́ rárá. Ní Íńdíà, àwọn alágbàfọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà tó ti ń lo èédú látijọ́ ti ń bọ́ sórí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún gáàsì sílíńdà ìdáná gan-an. Rọ́bà ló so ó mọ́ sílíńdà, ọwọ́ kan sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń dín iná kù fún léèsì. Kò ní eérú, kò ní táńkì lẹ́yìn ọwọ́. Ẹni tó ń kó ọjà Íńdíà wọ Èkó lè bá ọ wá a. Kó o rí i pé ríjìlétọ̀ tí wọ́n ní kó o lò pẹ̀lú rẹ̀ gan-an lo rà, kì í ṣe èyí tó bá wà nílé.

Ìyábọ̀_Houston

Kí sílíńdà wà níta fèrèsé, kí rọ́bà má gba ibi tí ẹsẹ̀ ń kọjá. Yàrá aránṣọ kún fún àgékù aṣọ.

Ṣèyí_Òṣogbo

Wẹ́dà kan wà ládùúgbò wa tó lè rọ irú rẹ̀ fún yín.

Ẹnjiníà_Tulsa

Ẹ jọ̀ọ́ o, bùọ̀dá Ṣèyí.

Alágbàfọ̀_Ìtọ̀kú

Ọmọ mi, kí ti Íńdíà tó dé, tí màmá bá fẹ́ máa lo eléèédú, méjì wà lọ́wọ́ mi tí n kò lò mọ́. Ọmọ mi obìnrin ń lọ sí Ìbàdàn lóòrèkóòrè, á bá wọn gbé ọ̀kan lọ. Èyí tó ní àkùkọ lórí kọ́ o, ìyẹn ò sí fún títà.

Àkànní_Dallas

Bàbá, mo dúpẹ́ gan-an. N ó pè wọ́n lálẹ́ yìí kí n gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ bá mi bi ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tó ń ra ọjà Íńdíà iye tí ọ̀kan jẹ́.